Àlejò Oṣù Keje

Oṣù keje ni. Òjò dídì bo Mokhotlong mọ́lẹ̀,
orí òkè funfun báláú,
omi inú garawa di òkúta,
ẹ̀yìn àáké ni mo fi fọ́ ọ kí n tó rí èyí tí mo fi po tíì.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀:
ṣòkòtò péńpé, sálúbàtà, fìlà oòrùn,
orúnkún rẹ̀ pọ́n bí ata.
Joost lorúkọ òun, ó ní.
Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn,
gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń tún sọ:
"Wọ́n ní Áfíríkà gbóná."

Ta ni wọ́n?
Mi ò bi í. Mo bọ́ búláńkẹ́ẹ̀tì èjìká mi,
mo fi wé e bí ìkókó,
mo tì í sídìí sítóòfù.

Nígbà tí ahọ́n rẹ̀ yọ́, ó tú ẹrù.
Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn wo ni yóò fò nínú òtútù yìí?
Oògùn ibà. Ìpara oòrùn, ìgò mẹ́ta.
Ọgọ́rùn-ún bírò nínú páálí, fún àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé.
Nthatisi ọmọ-ọmọ mi mú ọ̀kan,
ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó tún orúkọ ilẹ̀ wa kọ
lára páálí tí wọ́n ti ṣì í kọ.
Kò sọ nǹkan kan. Ó dá bírò padà.

Kìnnìún dà?
Ó wà nínú ìwé àwòrán.
Ṣé mo gbọ́ èdè Áfíríkà?
Sesotho ni mo gbọ́, àti Zulu díẹ̀, ìwọ̀nba èyí tí mo fi ń bínú.
Ó ní òun fẹ́ gbẹ́ kànga fún wa.
Mo mú un dé ojú fèrèsé, mo nawọ́ sí àfonífojì:
omi tó wà lábẹ́ yìnyín yẹn,
títà là ń tà á fún àwọn ará Johannesburg.
Ó wò ó títí.
Àlejò lójú, kò fi ríran.
Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí,
mo sì ti ń to ìtàn náà sílẹ̀
de àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì.

Lóru, iná sítóòfù rẹlẹ̀. Mo ní,
"Ìwọ tí o lówó tó báyìí, ilé mélòó lo ti kọ́?"
Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì lòun,
ilé ìyá òun lòun ṣì ń gbé,
ilé ìkẹ́rùsí lòun ti ń ru páálí,
ọdún mẹ́rin lòun fi tu owó ọkọ̀ òfuurufú jọ.
Ta ló sọ fún mi pé gbogbo wọn lówó?

Wọ́n ni.

Ibẹ̀ loorun ti dá lójú mi.
Mo rántí ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe
lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́ nísàlẹ̀.
"Nàìjíríà" ni mo ń pè é.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ra káàdì lọ́wọ́ rẹ̀,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń ka ṣéńjì níṣojú rẹ̀,
mo ń di àpò mú mọ́yà.
Owó náà ń pé. Kò sí ọjọ́ tí kò pé.
Nígbà tí ọkọ mi kú, ó ti ṣọ́ọ̀bù,
ó gun òkè wá nínú ẹrẹ̀,
àpò ìyẹ̀fun lórí rẹ̀.
Mo dúpẹ́. Nígbà tó lọ tán,
mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ rò ó fún ajá.

Ajá náà ṣì wà. Ó sanra.

Nílẹ̀ mọ́, òrùlé ń kán tó, tó, tó.
Joost ń lọ; mo ní kó máa wọ búláńkẹ́ẹ̀tì lọ.
Mo wọ bàtà, mo tẹ̀ lé e nísàlẹ̀.
"Kí lo fẹ́ rà?" ó ní.
Káàdì.
Ara rìsíìtì àtijọ́ kan ni mo ti rí orúkọ rẹ̀,
mo ń fi ẹnu kọ́ ọ lọ lójú ọ̀nà,
mo ń ṣì í, mo ń tún un pè:
A-kín-rì-ná-dé.